Ogójì Ọjọ́ Nílé Àbẹ̀kẹ́ ní Ìbá

Felíṣíà Ọlábísí Àbẹ̀kẹ́ Òpó. Ọmọ abẹ́ Olúmọ, ọmọ ihò àpáta tó di yàrá nígbà ogun. Adúmáadán tí í wo àlejò láti orí gèlè dé èékánná ẹsẹ̀ kó tó dáhùn ẹ kúulé. Àbẹ̀kẹ́ tí a bẹ̀, tí a tún bẹ̀, kó tó gbà ká kẹ́ òun. Ọ̀gá ilé-ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rí lókèèrè tí í yára ti ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò. Ìyá Túndé, àna mi, ọ̀tá mi fún ọjọ́ mẹ́fà, ọ̀rẹ́ mi fún ìyókù. Sùn ire o. Ohun tí wọ́n bá gbé ka iwájú rẹ lọ́hùn-ún, fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Má wá fóòkì kiri àjùlé ọ̀run, má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìgbòho, ẹ̀yin tí ẹ pàdé mi ní gáréèjì lọ́jọ́ tí mo ti Èkó dé nígbà ìjọba sójà, ẹ jókòó kí èmi Àjíkẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́ náà. Mo ní orí bẹ́ẹ̀dì onírin ni mo sùn. Irọ́ ni, orí ẹní ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò sìmẹ́ńtì. Mo ní mọ́tò ni wọ́n fi ń gbé mi kiri. Irọ́ ni, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mọ́tò. Mo ní àna mi, ọ̀gá tísà, kúnlẹ̀ kí mi. Èyí jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí léèrè ohun tó mú un kúnlẹ̀, èmi náà ò sì sọ, nítorí iṣẹ́ ìjọba ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ní báyìí ó ti kú. Kò sí ìjọba tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òkú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an. Ìwé kẹta ni mo kà dé, kí ẹnikẹ́ni má retí gírámà.

Ìyànà-Ìbá

Ọ̀nà ò ní ìtàn. Mo jókòó sínú mọ́tò láti ìdájí títí ìdí mi fi kú bí igi. Adìyẹ tí mo gbé lọ́wọ́ yàgbẹ́ sórí bàtà ọkùnrin kan tó wọ táì. Ọkùnrin náà wo adìyẹ, ó wo èmi, ó jọ pé kò mọ èwo nínú wa ló ṣe é.

Ọmọ mi Fúnmiláyọ̀ ló bímọ, ọmọkùnrin. Túndé ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí n wá wẹ ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ òfin ilé wa: ìyá ìyàwó ló ń lọ, ogójì ọjọ́ ló ń lò. Ẹni tó bá padà kí ogójì ọjọ́ tó pé, wọ́n lé e ni. Ẹ rántí Ìyá Bọ̀sún. Ọjọ́ kẹtàlá ló padà láti Ìbàdàn, a sì kọrin fún un títí ó fi ń gba ẹ̀yìn ilé lọ odò. Ẹ̀yin lẹ gbe orin náà, èmi ni mo dá a. Òun ni mò ń rántí nínú mọ́tò láti Ìgbòho títí dé Èkó.

Mo sọ̀kalẹ̀ ní Ìyànà-Ìbá pẹ̀lú igbá òrí, àpò èlùbọ́ àti adìyẹ mi. Èrò bí eéṣú. Àwọn ọmọ yunifásítì ń kọjá pẹ̀lú ìwé láyà, àwọn alátẹ ń polówó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kí wọn bí ọmọlúàbí. Ẹ kú ọjà o. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ kú ìdúró. Mo kí ènìyàn mẹ́tàdínlógún, ẹyọ ẹnì kan ò dáhùn. Ọmọbìnrin kan ló dúró. Mo ní, ẹ ò rí ọmọ gidi! Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó na kọ́bọ̀ sí mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Obìnrin kan tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà rẹ́rìn-ín títí ó fi jó ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Ganíyù lorúkọ rẹ̀, ará Ìlaròó.

"Màmá, wọn kì í kí gbogbo ènìyàn báyìí níbí. Ẹni tó bá ń kí ẹni tí ò mọ̀, wọ́n á ní ó fẹ́ tọrọ nǹkan ni."

"Kíkí?"

"Kíkí náà ni o. Ẹ pa ẹnu yín dé, ẹ gbé orí sókè, ẹ fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí lówó. Ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa bọ̀wọ̀ fún yín."

Mo ṣe bó ṣe wí. Mo fajú ro wọ inú Ìbá lọ. Ọkùnrin kan tó gbé pákó lérí yà fún mi lọ́nà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ rọra." Mo mọ̀ nígbà náà pé Ìyá Ganíyù ò parọ́. Ohun tí kò sọ fún mi ni ibi tó yẹ kí n ti tú ojú náà ká.

Èédú

Ilé náà rí bí Túndé ṣe júwe rẹ̀ gẹ́lẹ́: bọ́ńgálò tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, géètì onírin. Obìnrin kan jókòó sórí àpótí lẹ́bàá kànga, ó ń fọ ìlédìí ọmọ. Ìró ìdí rẹ̀ ti ṣá, àkísà ló fi wérí, ọṣẹ kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́. Ojú mi ṣì wà ní fífàro.

"Ìyá," mo ní, "ẹ nu ọwọ́ yín, ẹ wá bá mi gbé ẹrù yìí wọlé. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ìyá ìyàwó ti dé."

Kó tó fèsì, mo ti gbé igbá òrí lé e lọ́wọ́. Mo fi adìyẹ lé e.

Obìnrin náà gbé igbá kalẹ̀, ó yọ awò ojú láti àyà, ó fi sójú, ó wò mí wálẹ̀ bí ẹni tó ń máàkì ìwé olódo.

"Ẹ̀yin lẹ ń ta èédú," ó ní. "Ẹ̀yìnkùlé làwọn elédùú máa ń gbà. Ẹ má gba géètì yìí wọlé mọ́."

"Èmi? Elédùú?"

"Ẹ sì gba adìyẹ yín. A ò ra adìyẹ lónìí."

Ibẹ̀ ni Fúnmi ti yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ó rí igbá, ó rí adìyẹ, ó rí ojú wa méjèèjì. "Yéè! Mọ́mì! Yéè! Màámi!"

Ìyá Túndé ni obìnrin náà. Òun ló ni ilé, òun ni ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀, Mọ́mì sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan àwọn tó jù ú lọ. Ọjọ́ Sátidé ni. Kò gbà kí ẹlòmíràn fọ ìlédìí ọmọ ọmọ òun, ó ní ọwọ́ wọn ò mọ́ tó.

Adìyẹ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ìkúnlẹ̀

A wọ pálọ̀. Àna méjì pàdé, ìkúnlẹ̀ ló kàn, ṣùgbọ́n ta ni kó kúnlẹ̀ fún ta? Èmi ni mo fi ọmọ fún wọn, kò yẹ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Òun ló nilé, ó ní òun ò lè kúnlẹ̀ nílé òun. A dúró, a ń wo ara wa bí àgbò méjì. Tísà Délé tó ń gbé ilé kejì, tó ń kọ́ni nílé-ìwé rẹ̀, wà níbẹ̀, ó wá kí ọmọ tuntun, ó ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Túndé ló fọgbọ́n yọ. "Ẹ jẹ́ ká bi ọjọ́ orí. Ẹni tó bá dàgbà jù, òun la ó kúnlẹ̀ fún."

Mo ní ìwé ìrìbọmi mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìgbòho, mo ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.

Mọ́mì wo Tísà Délé. Ó wo òrùlé. Ó wo ẹsẹ̀ mi tó ti là.

"Mẹ́rìnléláàádọ́ta," ó ní.

Ó sì kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ àga, orúnkún kan nílẹ̀, ojú níbòmíràn. Mo jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Mo súre fún ọmọ, mo súre fún ọmọ ọmọ, mo súre fún àwọn tí wọn ò tíì bí. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, bí mo bá fẹ́ súre, ilẹ̀ lè ṣú. Nígbà tó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀ bí ẹni tó jókòó lé ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní kí wọ́n gbé ẹrù mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí.

Òrí

Ọmọ wíwẹ̀ di ogun. Mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi kànhìnkànhìn fọ orí rẹ̀, mo na apá, mo na ẹsẹ̀, mo gbé e sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fi òrí pa á títí ó fi ń dán bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo pa. Mọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ó ṣẹ́ ọmọ lápá!"

"Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, mi ò ṣẹ́ ìkankan."

"Òórùn kí nìyẹn?"

"Òrí ni. Òun ló ń mú egungun le."

"Ó ti dé pálọ̀. Àlejò á rò pé a dáko síbí."

Oúnjẹ náà di tiwọn. Láàárọ̀, búrẹ́dì àti ẹyin, kí a fi fóòkì gún un bí ẹni ń pa ejò. Mo ká búrẹ́dì mi, mo rì í bọ inú tíì, mo fà á mu. Mọ́mì di ojú. Abọ́ onírin ni wọ́n fi ń bu tèmi, àwo funfun ni tiwọn. Túndé ní torí kó má baà fọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ àwo tiwọn ló ń fọ́! Tèmi, ẹ lè fi kan òkúta mọ́lẹ̀ títí di òní.

Ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n bí ọmọ, Mọ́mì pè mí. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Tí a bá ti sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, a ò ní dá yín dúró mọ́. A ti rí obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ yìí, a fẹ́ kí ẹni tó kàwé máa tọ́jú rẹ̀."

Mo wá Fúnmi lọ. Ẹkún ló fi dá mi lóhùn. "Màámi, ilé Mọ́mì la wà. Kí ni mo lè sọ?"

Ọjọ́ kẹsàn-án! Ìyá Bọ̀sún tiẹ̀ lo mẹ́tàlá. Mo rí yín lójú mi, gbogbo yín, ní gáréèjì, tí ẹ ń tún ìdí ìró ṣe kí ẹ lè jó orin náà dáadáa.

Òkókómáìkò

Lọ́jọ́ kejì mo ní mo fẹ́ lọ kí ará ilé wa, mo fẹsẹ̀ rìn dé Òkókómáìkò. Ràímì ọmọ Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ń gbé níbẹ̀, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe, wọ́n ń mọ ògiri ní Navy Town nígbà náà. Yàrá kan ló ní nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, òun, Sìfáwù ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin. Sìfáwù ti tẹ́ ẹní fún mi.

"Níbo lẹ dé sí, Ìyá wa?" Ràímì bi mí.

"Ìbá. Nílé ọ̀gá tísà."

Ẹní ká kúrò nílẹ̀. Ẹ bá mi rí i! Wọ́n lọ yá àga oníròrí lọ́wọ́ àwọn ará yàrá kejì. Wọ́n ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn obìnrin ilé náà ń yọjú wá kí mi ní mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n ń kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì. Ràímì ń sọ fún gbogbo wọn pé, "Ìyá mi rèé o, ilé ọ̀gá tísà ni wọ́n dé sí o."

Sìfáwù gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Mo wo ẹ̀kọ, mo wo ọwọ́ mi, mo ní, "Ṣé ẹ ní fóòkì?"

Sìfáwù wọ yàrá mẹ́rin kó tó rí ọ̀kan. Mo ń fi gún ẹ̀kọ, ẹ̀kọ ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀, gbogbo ilé ń wò mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo rí ọmọ Ràímì kékeré tí imú rẹ̀ ń ṣàn, mo rí ara mi tí mo fa ìró sẹ́yìn kó má baà kàn mí. Ojú tí Mọ́mì fi ń wò mí ni mo fi wo ọmọ náà. Ara mi mọ̀ ọ́n wò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ mi.

"Títí ìgbà wo lẹ ó wà níbẹ̀?" Ràímì bi mí.

"Wọ́n ní kí n lo oṣù mẹ́fà," mo dáhùn.

Mo sunkún díẹ̀ ní ọ̀nà Ìbá. Lẹ́yìn náà mo tún fajú ro.

Ọjọ́ kẹjọ

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Mọ́mì pín àlejò bí ẹni ń pín kíláàsì. Àwọn tó wọ bàtà aláwọ, pálọ̀. Àwọn tísà kéékèèké, fàráńdà. Àwa yòókù, ẹ̀yìnkùlé, nídìí ìkòkò.

Àlejò tó ga jù ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí, ọ̀gá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ẹni tó ń yẹ ìwé àwọn tísà wò. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó. Kó tó jókòó, ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu àga Mọ́mì lẹ́ẹ̀méjì. Ó wo ògiri yíká.

"Ilé kékeré yín yìí mà mọ́ o," ó ní.

Mọ́mì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ọ̀fun. Ó sáré da ọtí sí ife fún un. Obìnrin tó ń wo èmi bí èédú, ọkùnrin yìí ń wò ó bí àga eléruku. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá kan gba géètì wọlé, ó gbé ẹrù lérí, ó ti ń pariwo láti òkèèrè: "Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ Òpó! Níbo lo wà?" Mọ́mì fò dìde nínú pálọ̀ bí ẹni tí agbọ́n ta. Ó pàdé ìyá náà, ó di apá rẹ̀ mú, ó sì mú un gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ọ̀nà tí àwọn elédùú ń gbà, wá bá wa lẹ́yìnkùlé. Ó fi í jókòó tì mí. Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Ó sáré padà.

Sàbítíyù lorúkọ ìyá náà, aláṣọ àdìrẹ ni, Abẹ́òkúta ló ti wá. A jẹun, a sọ̀rọ̀, ó fi ọbẹ̀ kun àgbọ̀n.

"Ọ̀rẹ́ ọmọdé mi ni," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí wa. Ìyá mi ló bá ìyá rẹ̀ gbé omi ka iná."

"Ẹ ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀," mo ní. Ìwà ọmọlúàbí ni mò ń hù.

"Mi ò tíì dàgbà kẹ̀! Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta! Àwọn ọmọ mi ṣe ọgọ́ta fún mi lésìí. Mo pè é, kò wá, ó ní iṣẹ́ pọ̀."

Mo gbé ẹran kalẹ̀. Mo ka ìka mi. Mo tún un kà. Ọgọ́ta ọdún nijọba ń ní kí tísà máa lọ sílé, Túndé ti sọ fún mi. Mọ́kànlélọ́gọ́ta sì ni ẹni tó kúnlẹ̀ fún mi, tó ń bẹ ní pálọ̀, tó ń bu ìrẹsì fún ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò.

Mo fọ ọwọ́. Mo bu omi ìṣanwọ́ sínú bàsíà, mo gba aṣọ ìnuwọ́, mo wọ pálọ̀ lọ. Gbogbo ènìyàn wò mí. Mo gbé bàsíà kalẹ̀ níwájú Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí, mo yí sí Mọ́mì, mo sì kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, gbì, lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀gbọ́n mi," mo ní. "Ẹ kú ọmọ. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ̀gbọ́n mi àgbà."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n kẹ̀? Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí."

"Ọ̀gá, ojú ló ń tàn yín. Oko ló gbó èmi. Ẹ jẹ́ kí n kí ẹ̀gbọ́n mi dáadáa."

Mọ́mì ju ṣíbí ìrẹsì sílẹ̀. "Ẹ dìde," ó ní. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Àbúrò yín ni mí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè dìde láìjẹ́ pé ẹ súre fún mi. Ẹ súre pé mo máa rí ogójì ọjọ́ ọmọ yìí."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé mi nílẹ̀. Ẹ ò mọ̀ pé ó lágbára bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín fún àlejò, ó sì tì mí bọ́ sínú yàrá rẹ̀.

Nínú yàrá

Ó tilẹ̀kùn. "Ta ló sọ fún ọ?"

Ó gbàgbé láti pè mí ní ẹ̀yin. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó bá mi sọ̀rọ̀ bí ènìyàn.

"Kí ni ẹ ní wọ́n sọ fún mi?"

"Àjíkẹ́, má fi mí ṣeré. Túndé gan-an ò mọ̀."

Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó yọ awò ojú. Láìsí awò, ojú rẹ̀ kéré bí ojú ọmọ.

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí tí wọ́n fi mí fún tísà kan, kí n máa bá ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ," ó ní. "Mo ń gbé àpótí ìwé àwọn ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé. Mo ń dúró lójú fèrèsé títí wọ́n fi máa jáde, kí n tún gbé àpótí bọ̀. Ojú fèrèsé ni mo ti mọ ìwé. Ọdún méje. Nígbà tí wọ́n fi mí sí kíláàsì, mo ga ju tísà lọ. Nítorí náà mo gé ọdún méje kúrò. Kò dùn mí. Ọdún méje tí mo fi ru ẹrù ẹlẹ́rù ni, mi ò kà á mọ́ ọjọ́ orí mi."

Ó nu ojú, ó tún bínú.

"Ọjọ́ tí o dé, o wò mí nídìí kànga, o gbé ẹrù lé mi lọ́wọ́. O ní kí n gbé e wọlé, kí n lọ sọ fún ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi! Nínú ilé tí mo fi owó ara mi kọ́!"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ní mò ń ta èédú."

"O dúdú."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹyin ni yín?"

Ó wò mí. Inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ mì, kí ẹ̀rín tó jáde. A rẹ́rìn-ín títí Fúnmi fi wá kan ilẹ̀kùn, ó rò pé à ń jà.

Mi ò ní purọ́ fún yín mọ́. Bó bá ti ṣe agídí, mi ò mọ ohun tí mi ò bá ti sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí. Orin Ìyá Bọ̀sún ń dún létí mi. Ẹni tí ẹ̀rù orin ń bà lè ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ọlọ́run ló yọ mí.

"Ogójì ọjọ́?" mo bi í.

"Ogójì ọjọ́."

"Òrí ńkọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "Òrí náà. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rùn dé pálọ̀."

Orúnkún wa

Mo lo ogójì ọjọ́ pé. Níwájú àlejò, òun ni àbúrò, òun ló ń kúnlẹ̀ fún mi. Bí a bá ti wọ yàrá, èmi ni àbúrò, èmi ni mò ń kúnlẹ̀ fún un, ó sì máa ń jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀ kó tó dáhùn, ó ń gbẹ̀san. Orúnkún àwa méjèèjì bó. Fúnmi bi mí léèrè irú àdúrà tí à ń gbà.

Mo kọ́ ọ ní ọmọ wíwẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ọ̀gá tísà ò wẹ ọmọ rí! Túndé tí ó bí, alágbàwẹ̀ ló bá a wẹ̀ ẹ́, nítorí ó ti gbé ọmọ ọlọ́mọ tó lọ́mọdé, kò fẹ́ gbé bàsíà mọ́. Òun náà kọ́ mi bí mo ṣe lè fọwọ́ síwèé kí lẹ́tà má dojú délẹ̀. Abọ́ onírin ṣì ni wọ́n fi ń bu oúnjẹ mi, ṣùgbọ́n òun náà ń bu tirẹ̀ sínú abọ́ onírin. Ó ní èyí tó wà lọ́wọ́ mi ló máa ń pọ̀ jù.

Ọjọ́ kọkànlélógójì mo dé Ìgbòho pẹ̀lú ìró méjì, ọṣẹ òyìnbó àti kẹrosíìnì, ẹ sì pàdé mi ní gáréèjì, mo sì purọ́. Gbogbo yín ń bi mí léèrè ohun tí mo mú bọ̀. Ìyá Bọ̀sún nìkan ló fà mí sẹ́yìn, ó ní, "Ṣé wọ́n jẹ́ kí o jókòó?" Mo dá a lóhùn pé wọ́n gbé àga fún mi. Ó ní ó dára. Mi ò bẹ̀ ẹ́ nítorí orin yẹn títí ó fi kú. Mo kọ ẹ̀bẹ̀ náà síbí báyìí.

Ẹ̀ẹ̀kejì

Ọmọ tí mo wẹ̀ ti wà ní ìwé kẹta, Àbẹ̀kẹ́ sì ti fẹ̀yìn tì, nígbà tí lẹ́tà Túndé dé. Ó ní Mọ́mì ò lè dìde mọ́. Wọ́n gba nọ́ọ̀sì aláṣọ funfun fún un, ó lé e lọ́jọ́ kẹta. Ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Àjíkẹ́.

Mo lọ. Ìyànà-Ìbá ti fẹ̀ sí i, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Ní géètì ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń bá ènìyàn jà lórí tíì. Mo lo oṣù mẹ́ta pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbé e jókòó, mo gbé e dùbúlẹ̀, mo bá a tú ewé kúrò lára oúnjẹ tí kò jẹ. Kò sí ẹni tó bá mi ka ọjọ́.

"Àjíkẹ́, o ò ní lọ sílé rẹ ni?"

"Ẹ lé mi."

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀ rí."

Àwọn àlejò wá, àwọn tó wọ bàtà aláwọ. Wọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n ń fi áńkáṣíìfù bo imú. Ó ní kí n má gbé àga fún wọn. Ràímì àti Sìfáwù wá láti Òkókómáìkò, wọ́n jókòó sórí ẹní lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sì bá wọn jẹ ẹ̀kọ díẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mò ń ṣa ẹ̀wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń bá mi wí pé mò ń da òkúta ẹ̀wà sórí kápẹ́ẹ̀tì òun. Mo ní kó jẹ́ kí n ráyè. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, kò bá mi wí mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì la sin ín, lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ìbá, kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Túndé bu yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́, Fúnmi bu tirẹ̀, Sàbítíyù bu tirẹ̀, èmi náà bu tèmi. Wọ́n sì bò ó.